Ọkọ̀ Ìgbòkun Níwájú Àpáta

Ìgbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ìkòkò aró ìyá mi lọ, eré kan wà tí a máa ń ṣe ní agbo ilé wa ní Òwu, nínú ìlú Abẹ́òkúta. Ẹ má rò pé àlọ́ tàbí ayò ni mo fẹ́ sọ. Fọ́tò ni a fi ń ṣe é, fọ́tò ọkọ̀ ojú omi, irú ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n ta aṣọ ńlá sí lára òpó kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í lọ. Wọn a gbé fọ́tò náà síwájú wa, oníkálukú a wò ó, a sì sọ ibi tó rò pé wọ́n ti yà á ní gbogbo ayé yìí. Eré náà dùn gan-an. Eré náà ló sì ba ayé ìyá mi jẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ta ló ṣe kí ni, ta ló mọ̀ tó dákẹ́, nítorí àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ kò sọ ọ́ títí wọ́n fi kú, a sì fi ìyìn sin wọ́n.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ọkọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ aláṣọ o, irin ni láti òkè délẹ̀. Ó lè lọ kó tó ọdún kan kí a tó tún fojú kàn án. Ó ka Kùránì dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó kò yé e, kò sì lè kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, ìyẹn náà a sì máa wọ́. Fọ́tò ló fi ń kí wa láti òkèèrè. Ó ra kámẹ́rà kékeré kan lókè òkun, tí fọ́tò rẹ̀ kì í ní ju dúdú àti funfun lọ. Bí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté kan, yóò wá ọkọ̀ ìgbòkun yà. Kì í ya ilé gíga, kì í sì í ya ara rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan tó wá sílé.

Ó ní, "Irin ni èmi ń bá jà láàárọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ni iṣẹ́ ìyá rẹ. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ tí aṣọ ń gbé lọ, òun ni mo máa ń rántí."

Ìyá mi wà nídìí àdìrẹ tó ń sá, ó pòṣé, ṣùgbọ́n mo rí i tó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ irọ́ ọkùnrin. Ọkọ̀ ló ń wò, ó ní èmi lòun ń wò."

Ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ́ ló ń gbé àwọn fọ́tò náà wá. Ká ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, sítáǹbù ìbá ti tú gbogbo àṣírí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń padà sí Àpápá ni yóò fi rán, onítọ̀hún yóò sì fún obìnrin kan láti Ìtòkú tó máa ń lọ ra sódà aró ní Èkó, ìyẹn náà yóò wá jù ú sórí ẹsẹ̀ ìyá mi lọ́jà, á ní, "Ọkọ rẹ kí ọ." Kò sí ohun kankan lẹ́yìn fọ́tò. Ó mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun Àsárì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí agbo ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Baálé, ni yóò kọ́kọ́ gba fọ́tò náà. Yóò gbé e sún mọ́ imú, yóò gbé e jìnnà, bí ẹni tó ń wo ayédèrú owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan Tíṣà, ọkùnrin kan tó háyà yàrá ní iwájú ilé wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Jọ́gíráfì. Lẹ́yìn Tíṣà, ó di ti àwọn obìnrin ilé. Àwa ọmọdé ló kẹ́yìn, a máa ń jà lórí ẹni tí yóò dì í mú.

Ìyá Àgbà kan wà nínú ilé wa nígbà náà, ìyá tó bí ìyá Baálé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Fọ́tò yòówù kó dé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní.

"Mẹ́kà ni."

Tíṣà a ní, "Ìyá, kò sí òkun ní Mẹ́kà."

"Ìwọ ti dé ibẹ̀ rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí. Mẹ́kà ni."

Gbogbo ilé a pariwo ẹ̀rín. Bí ó bá wá di ìgbà tí bàbá mi bá gba ìsinmi wálé, òun ni adájọ́. Yóò tẹ́ ẹní, yóò to àwọn fọ́tò náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa sọ ibi tí ó ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Dàkár nìyí. Sáńsíbà nìyí. Ẹni tó bá gbà á, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá ṣì í, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ òtítọ́ ló jókòó láàárín wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí dáadáa. Eré náà kò ní òfin mìíràn ju pé adájọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálé.

Ọdún kan wà tí ó fi fọ́tò ọkọ̀ kan ránṣẹ́, aṣọ rẹ̀ rí bí etí ehoro. Tíṣà sọ pé Íńdíà ni. Baálé sọ pé ilẹ̀ Faransé ni. Ìyá Àgbà sọ èyí tó máa ń sọ. Nígbà tí bàbá mi wálé, ó gbé fọ́tò náà sókè, ó wò wá kíríkírí, ó ní, "Èbúté Jídà nìyí. Ibẹ̀ ni àwọn Alàájì ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ sí Mẹ́kà." Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá arúgbó náà dìde láìdi ọ̀pá mú. Ó jó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń nàka sí Tíṣà, ó ń wí pé, "Alákọ̀wé! Ọ̀mọ̀wé! Wá bá mi fọ aṣọ!" A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Nígbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ ohun tí ọjọ́ yẹn ṣe sí ilé wa. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé ẹni tó bá tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan títí, òun ni yóò jàre nígbẹ̀yìn.

Fọ́tò tó kẹ́yìn dé ní òpin àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní àádọ́rin yẹn, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan ni, aṣọ rẹ̀ funfun, omi tòrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà ni gbogbo ilé ń wò. Òkúta ni. Òkúta ńláńlá tó gun ara wọn, tí orí wọn dán, tí òjò ti fa ìlà sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí igi àgbọn mélòó kan yọ láàárín wọn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó bá rí òkúta yẹn, kò ní bèèrè orúkọ. Abẹ́ irú rẹ̀ la bí wa sí. A ń sá ẹ̀gúsí lórí rẹ̀, a ń gun orí rẹ̀ ṣeré. Bí ẹnì kan bá sọ pé irú rẹ̀ tún wà ní ibòmíràn lábẹ́ ọ̀run, ó dà bí ẹni pé ó ní ìyá wa tún bí ẹlòmíràn lẹ́yìn wa.

Baálé kò gbé fọ́tò náà sún mọ́ imú lọ́jọ́ náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e lé orí itan.

Ó ní, "Òkúta Ẹ̀gbá rèé."

 Ìyá Àgbà ti kú nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò pa wá lẹ́rìn-ín.

Ó tún ní, "Ṣé ẹ̀yin kò rí i ni? Òyìnbó wo ló ní irú òkúta báyìí? Tíṣà, ìwọ ló kàwé. Wò ó."

Tíṣà gbà á. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú ọkùnrin náà. Kò mọ ibẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, kò mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú Jídà ṣì wà lára rẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní etí òkun, iyanrìn ni ó máa ń jẹ́. Ó ní òkúta ràbàtà irú èyí, àárín ilẹ̀ ló máa ń wà, kì í dé ojú òkun. Ó ní nítorí náà, omi inú fọ́tò yẹn kì í ṣe òkun, odò ni. Ó ní àwọn ará Ìlàjẹ pẹ̀lú máa ń ta aṣọ sí ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń tukọ̀ káàkiri. Odò wo ló wá gba àárín òkúta kọjá nílẹ̀ wa? Odò Ògùn. Níbo? Ó fi ìka kan fọ́tò náà, ó ní, "Ó jọ ọ̀nà Olókemejì."

Olókemejì! Ibi tí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ yóò dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń di òkúta fúnra rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, "ó jọ" ti di "ó jẹ́". Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ní bàbá mi ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí oṣù tuntun yọ, wọ́n ti fún un ní ìyàwó ní Olókemejì. Baálé rán èèyàn lọ wo ibẹ̀. Àwọn yẹn padà dé, wọ́n ní àwọn kò rí i, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ní kámẹ́rà gba ibẹ̀ kọjá rí. Ta ló kọjá? Ìgbà wo? Ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá mi nìkan ni kò sọ pé ibì kan ni. Nígbà tí fọ́tò náà kàn án lọ́jọ́ yẹn, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí aró ti pa láró dé ọrùn ọwọ́, ó ní, "Èmi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró kó wálé." A dúró. Kò wálé. Ìgbà ìsinmi rẹ̀ dé, ó kọjá. Obìnrin oní-sódà lọ sí Èkó, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó lọ títí, ó ní àwọn tó máa ń rán òun níṣẹ́ kò ṣe ẹnu kan mọ́, pé bí òun bá dárúkọ bàbá mi, wọ́n á máa wo ilẹ̀.

Ìyá mi mú mi dání lọ sí Àpápá, nítorí pé mo ti ń gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀. A dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kò sí mọ́. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó yẹ orúkọ bàbá mi wò, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó rí ohun tó rí. Ó pa fáìlì dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá."

Ìyá mi ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí, ọ̀gá. Ọmọ rẹ̀ nìyí."

"Màmá, ìyàwó pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá níbí, ìyàwó mẹ́ta ló wá bèèrè ọkọ kan ṣoṣo. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ká bá a sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó wà láàyè ni?"

"Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá."

Ẹ wo bí ìdáhùn ṣe sún mọ́ wa tó. Ó wà lórí tábìlì, lábẹ́ ọwọ́ tí èèpo ẹ̀pà wà lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó.

Kò lọ.

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ó ní, "Baálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ, n ó gbà."

Ó ní, "Ìyàwó, dìde. Ṣé kí n wá lọ sí Àpápá lọ bèèrè ẹni tó wà ní Olókemejì? Kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà! Kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ti ro ọkùnrin yẹn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìyá mi. Ká ní ó kórìíra rẹ̀ ni, ì bá sàn, nítorí ìkórìíra a máa rẹ èèyàn tó bá yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti sọ̀rọ̀ ní gbangba, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti gbọ́, ó sì yá a lára kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ jìyà ju kí wọ́n sọ pé Baálé ṣì í lọ.

Ìyá mi tún tọ ààfáà àdúgbò wa lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò lè sọ pé ó burú. Ó ní ẹni tó bá sọnù, tí a wá a tí a kò rí i, ẹ̀sìn ti dá àkókò fún ìyàwó rẹ̀ láti dúró dè é, ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe opó rẹ̀, a ó ṣe fìdáù fún òkú náà, obìnrin náà á sì bọ́ lọ́wọ́ ìdè. Ṣùgbọ́n, ó ní, ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bá sọ pé àwọn mọ ibi tó wà, ẹni yẹn kò sọnù. Ó ní kí Baálé kàn wá sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé àwọn kò mọ ibi tí àbúrò òun wà. Gbólóhùn kan péré. Baálé kò sọ ọ́. Bó ṣe di pé ìyá mi kì í ṣe ìyàwó, nítorí kò ní ọkọ, kì í sì í ṣe opó, nítorí ọkọ rẹ̀ wà ní Olókemejì.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó mú aṣọ kan, ó rì í sínú aró léraléra títí ó fi dú bí ìdí ìkòkò. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó mọ aró ló mọ aṣọ opó bí wọ́n bá rí i lórí okùn. Àwọn ìyàwó ilé pariwo. Wọ́n ní ó ń pe ikú fún ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tó ń pa aṣọ opó láró, kí ló fẹ́?" Baálé pàṣẹ kí ó ká a kúrò lórí okùn, kó má sì ṣe gbé e wọ inú yàrá tí àbúrò òun fi sílẹ̀. Ìyá mi gbé e lọ sí Ìtòkú, ó tà á fún àjèjì kan. Èmi ni mo gbé igbá tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹni tó rà á yin bí aṣọ náà ṣe dú, ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé kò lè dá gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ ní yàrá rẹ̀ ni? Ta ni ìbá dá a dúró? Ṣùgbọ́n àdúrà wo ni kó gbà? Ṣé ti ẹni tó wà lórí ìrìn, kí Ọlọ́run dá a padà sílé? Àbí ti òkú, kí Ọlọ́run fi orí jì í? Mo ti gbọ́ ọ lórí ìrun lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, tó sì fi èkejì parí rẹ̀, tí yóò wá dákẹ́, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wọ yunifásítì nígbà tó ṣe. Mo lọ kàwé ni, n kò lọ wá òkúta kankan. Ní ọjọ́ kan nínú ilé ìkàwé, mo ṣí ìwé ńlá kan nípa àwọn erékùṣù ayé, mo sì bá òkúta wa níbẹ̀. Orí tó dán, ìlà tí òjò fà, igi àgbọn láàárín wọn, omi òkun lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà kedere: àwọn erékùṣù Seychelles, láàárín Òkun Íńdíà. Òkúta irú tiwa gan-an, tó jókòó sí àárín agbami, níbi tí kò sí Ẹ̀gbá kankan. N kò sunkún. Inú ló ń bí mi débi pé mo ń ṣí ìwé náà bí ẹni ń jà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé ní kí n rọra ṣí ojú ewé.

Mo ṣe ẹ̀dà ojú ewé náà, mo gbé e wálé. Tíṣà ni mo kọ́kọ́ bá. Ó ti di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, ó ti kọ́ ilé tirẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni sílábọ́ọ̀sì wa nígbà náà."

Mo ní, "Ẹ̀yin, sà, kí ló dé tí ẹ kò fi sọ pé ẹ kò mọ̀?"

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà ni mí. Níwájú gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀?" Ó sì bi mí bóyá n ó mu mínírà.

Mo wá lọ bá Baálé. Ó wà lórí àga rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo gbé fọ́tò bàbá mi àti ojú ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ tán, ó wá bi mí léèrè:

"Ibi tí o ń wí yìí, ṣé kò ní obìnrin ni?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Ó yí rédíò rẹ̀ sókè.

Ìyá mi ló kù. Ó nu ọwọ́, ó gba ojú ewé náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó bi mí pé, "Ó jìnnà?" Mo ní ó jìnnà. Ó ní, "Ó ju Mẹ́kà lọ?" Mo ní ó jù ú lọ dáadáa. Ó mi orí. Ó ní, "Wọ́n pa irọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n ní ó wà nítòsí tí kò wálé." Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo mọ̀ pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, apá kan nínú òun náà ti gbà wọ́n gbọ́. Ó ti ń bínú sí òkú. Èyí kò ṣeé dá padà fún un. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí ni n kò lè fi ji ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ sí Àpápá pẹ̀lú ìbínú yìí. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, wọ́n ti ta àwọn ọkọ̀ wọn, àpò sìmẹ́ńtì ló kún ọ́fíìsì ibi tí akọ̀wé ti jẹ ẹ̀pà. Mo bi ọlọ́dẹ ibẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n kó àwọn fáìlì lọ. Ó ní àwọn tó ń ta àkàrà ní ìta ló kó wọn lọ fi dì í. Bóyá àwàdà ló ń ṣe, n kò mọ̀. N kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kú kí àwọn ọdún ọgọ́rin yẹn tó parí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn èèyàn wá kí wa, Baálé sì dìde láti dá wọn lóhùn. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni nígbà náà, wọ́n dì í mú lápá méjèèjì. Ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ kú àdúrótì. Àbúrò mi tó ni ìyàwó kò tíì gbọ́, ó wà lẹ́yìn odi. Ìgbà tó bá dé, a ó bá a sọ pé ẹ wá." Àwọn èèyàn ṣe àmín. Tíṣà wà láàárín wọn, ó ṣe àmín. Mo ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ayé ń wò wá." Báyìí ni wọ́n ṣe sin ìyá mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí, bí ẹnì kan bá ya fọ́tò ọkọ̀ ìgbòkun níbikíbi lágbàáyé, fóònù inú àpò yín lè sọ ìlú tí wọ́n ti yà á fún yín kí ẹ tó gbé omi mì. Mo gbọ́ pé ẹ tilẹ̀ ń fi í ṣe ìdíje, pé ẹni tó bá ṣì í a tẹ bọ́tìnì, ibòmíràn a yọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé nǹkan ti dára sí i, nítorí mo ń rí i tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọn kò mọ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tún gíláàsì ṣe, tí a sì ń ní kí ọmọdé dákẹ́ nítorí ojú ayé. Ẹ̀rọ yín mọ orúkọ gbogbo èbúté, kò sì sí èyí tó ń kọ́ Baálé kankan láti sọ pé òun kò mọ̀.

Baálé ti kú. Tíṣà ti kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò sí mọ́. Ààfáà ti kú. Kò sí ẹni tí mo lè gbé ẹjọ́ yìí lọ bá. Ẹ̀yin tí ẹ kà á nìkan ni mo rí, ẹ̀yin náà, bí ẹ ti kà á tán yìí, kò sí ohun kankan tí ẹ lè rí ṣe sí i.